Ọwọ́ Òsì Lóko Àna

"Ọwọ́ wo lo nà sí mi yẹn?"

Bàbá Nehemiah kò gbóhùn sókè. Awẹ́ obì ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò fà á sẹ́yìn, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn tó jókòó yí òkìtì kòkó ká gbójú sókè, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí Mùyídéènì kó wá láti Òṣogbo sì sorí kọ́ bí ẹni pé àwọn gan-an ló ṣẹ̀. Mùyídéènì bojú wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òsì ni lóòótọ́. Ọ̀tún wà nínú àpò ṣòkòtò, níbi tó ti sá pa mọ́ sí láti àárọ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ewé kòkó gbígbẹ. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkàn mi ni ò sí níbí."

"Òṣogbo ni ọkàn ẹ̀ wà," ni Ọdúntán, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wí. "Ikùn ẹ̀ nìkan ló bá wa wá sóko."

Ẹ̀rín sọ níhìn-ín, ó sọ lọ́hùn-ún. Bàbá Nehemiah kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé awẹ́ obì náà fún ẹni tó jókòó tẹ̀ lé Mùyídéènì, ó sì kẹ́yìn sí i.

Ọ̀wẹ̀ àna ni wọ́n wá ṣe, nínú oko kan tó wà lẹ́yìn Òṣú. Bí kòkó bá ti pọ́n, ọkọ ọmọ á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n á lọ fi odindi ọjọ́ kan bá bàbá ìyàwó ṣiṣẹ́. Àwọn ọkọ òde òní ń háyà lébìrà dípò ara wọn, ṣùgbọ́n Bàbá Nehemiah kì í gbà á. Ó ní lébìrà kọ́ lòun fi ọmọ òun fún. Ọdún tó kọjá ni Mùyídéènì gbé Ìdùnnú níyàwó, ọ̀wẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ sì nìyí.

Kò sí oko tó tún tutù bí oko kòkó lágbègbè yẹn. Oòrùn kì í rí ilẹ̀ ibẹ̀ tán. Bí wọ́n bá sì ti fọ́ kòkó, òórùn omi rẹ̀, tó dùn tó sì kan díẹ̀, á gba gbogbo abẹ́ igi. Ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn yẹn lọ́mọdé, ibi yòówù kó gbé darúgbó sí, á máa bá a kiri. Ṣùgbọ́n Mùyídéènì kò ráyè òórùn. Èékánná rẹ̀ ló ń rò.

Gìtá ló ń ta, gìtá orin jáàsì. Àwọn tó kù máa ń mú píìkì dání, ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń ta okùn gìtá. Èékánná ọwọ́ ọ̀tún ni Mùyídéènì ń lò ní tirẹ̀: ti àtàǹpàkò, àti ti ìka mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ó dá wọn sí, ó ń fi bébà kíkúnná tí àwọn káfíńtà ń lò dán wọn láràárọ̀. Ti ọwọ́ òsì tó fi ń tẹ okùn ló ń gé kúkúrú. Ó ti gbìyànjú píìkì títí ó fi sú u. Ohùn tó ń jáde dà bíi ti ẹni tó ń fi òkúta họ páànù. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èékánná, àtàǹpàkò á máa lọ nísàlẹ̀ bí bàbá tó ń rìn, àwọn ìka yòókù á sì máa bá a ṣeré lókè bí ọmọ.

Ohùn yẹn ni Abdulhameed gbọ́, ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin tó ń fun sasofóònù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan nítòsí Dàda Estate ní Òṣogbo. Ó ní, "Ohun tí mò ń wá rèé." Lọ́la, lálẹ́ Sunday, oníhòtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa wá jókòó gbọ́ wọn. Tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, Mùyídéènì di onígìtá wọn pátápátá, ó bọ́ lọ́wọ́ kíkọ́ ọmọ olówó lórin láti ilé dé ilé. Tí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọmọ Ìbàdàn kan wà tó ń lo píìkì, fóònù lásán ni wọ́n máa fi pè é.

Ìdùnnú ti sọ fún un nínú ọkọ̀ pé, "Sọ fún bàbá mi. Wọn ò ní pa ọ́."

"Kí n sọ kí ni? Pé èmi ọkùnrin, mò ń tọ́jú èékánná?"

Dípò kó sọ, ó ra ìbọ̀wọ́ onírọ́bà ní Òṣú. Bó ti wọ̀ ọ́ tán ni Ọdúntán béèrè pé, "Dókítà, ṣé kòkó ti ń rọbí ni?" Ariwo ẹ̀rín yẹn ló mú un bọ́ ọ kúrò. Látìgbà náà ló ti ń fi ọwọ́ òsì nìkan họ ọmọ kòkó sínú apẹ̀rẹ̀, kí èékánná ọ̀tún má baà ṣẹ́. Bí àwọn tó kù bá họ apẹ̀rẹ̀ méjì kún, tirẹ̀ kò tíì bo ìdí.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ obì, Ìdùnnú fà á lọ sẹ́yìn àwọn igi.

"O dójú tì mí."

"Kì í ṣe pé mo mọ̀ ọ́n mọ̀."

"Ó dáa, lọ ṣàlàyé fún wọn. Bàbá mi rò pé oko àwọn ló ń rí ọ lára."

"Títí di ọ̀la péré ni, Ìdùnnú. Jẹ́ kí ọ̀la kọjá, kòkó tí wọ́n bá fẹ́ ni n ó wá họ."

"Ọ̀la lo ní, èmi ní bàbá. Yọ ọwọ́ yẹn nínú àpò."

Inú bí i. Ó fa ọwọ́ náà yọ pẹ̀lú agbára, èékánná ìka àárín sì kọ́ òrùka kọ́kọ́rọ́ tó wà nínú àpò. Ó dún kẹ́ẹ́. Nígbà tó wò ó, ó ti ṣẹ́ wọnú ẹran, ẹ̀jẹ̀ ń yọ létí rẹ̀.

Mùyídéènì ti gba èékánná náà lọ́wọ́ kòkó, ó gbà á lọ́wọ́ àdá àti apẹ̀rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé ara rẹ̀ ló wá ṣẹ́ ẹ. Ó fẹ́ bú èèyàn, kò rí ẹni tí òun ì bá bú. Ó ta èèpo kòkó kan nípàá, ẹsẹ̀ ló sì dùn ún.

Ibẹ̀ ni Abdulhameed ti pè.

"Mùyì, ṣé ara ọwọ́ le?"

"Èékánná àárín ti ṣẹ́, Bọ̀dá."

"Astagfirullah. Lọ lẹ èyí tí àwọn obìnrin ń lẹ̀."

"Mo ti lẹ̀ ẹ́ rí. Orin kejì ni ò parí tó fi fò lọ."

"Lo píìkì, jàre."

"Ẹ mọ̀ pé kò ṣeé gbọ́ lọ́wọ́ mi."

Abdulhameed mí kanlẹ̀. "Jẹ́ kí n ronú sí i." Ó pa fóònù.

Bí Mùyídéènì ti yíjú padà, Bàbá Nehemiah ló rí. Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdúntán wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Uwọ ọkọ Ìdùnnú," ni bàbá wí. Ìgbà tí inú bá ń bí i ni ẹnu Ìjẹ̀ṣà máa ń jáde. "Èékánná wo?"

Mùyídéènì na ọwọ́ ọ̀tún. Bàbá di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ìgbà téèyàn ń wò ó bóyá kòkó gbẹ.

"Ẹ jẹ́ ká bá a kùn ún ní pupa," ni Ọdúntán wí.

"Ọdúntán, kòkó ń dúró dè ọ́." Bàbá kò wẹ̀yìn. "Ṣé òun lo fi ń jẹun?"

"Òun ni mo fẹ́ fi máa jẹun, sà. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbọ́ mi."

"Torí ẹ̀ lo ṣe na òsì sí mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ká ní o sọ láàárọ̀, àdá ni ǹ bá gbé fún ọ. Ẹni tó ń fọ́ kòkó kì í tọwọ́ bọ inú ẹ̀. Ṣé gbogbo wa lo rí tó ń họ ọ́?"

Mùyídéènì wo ìdí òkìtì. Àwọn mẹ́ta tó ń fi àdá fọ́ kòkó jókòó síbẹ̀, ìka wọn gbẹ, wọ́n ti wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀.

"Dídákẹ́ lo fi fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi," ni Bàbá Nehemiah wí, "ọwọ́ òsì ló bí fún wa." Ó jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. "Àdá kan wà nídìí igi ọsàn yẹn, tó o bá fẹ́ ẹ." Ó lọ.

Mùyídéènì pe Abdulhameed padà, kò sì rìn jìnnà sáwọn èèyàn kó tó pè é.

"Bọ̀dá, mò ń bọ̀ lọ́la. Ẹran ìka ni n ó fi ta á. Ohùn ẹ̀ á rọ̀, kí onílù bá wa rọra."

"Tí oníhòtẹ́ẹ̀lì ò bá gbọ́ ọ ńkọ́?"

"Ẹ mú ọmọ Ìbàdàn."

"Ìgbà wo lo máa dé?"

"Tí mo bá kírun Àsárì tán."

"A ó gbọ́ ọ, ṣá."

Ó gba bíléèdì lọ́wọ́ Ìdùnnú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé èékánná tó kù, àtàǹpàkò ló fi bẹ̀rẹ̀.

"O ò bá fi wọ́n sílẹ̀," ni Ìdùnnú wí jẹ́jẹ́. "Bàbá ti ní kó o gbé àdá."

"Èékánná mẹ́ta pẹ̀lú ẹran kan, ohùn wọn ò lè bára mu."

Ó gé wọn tán, ó kọjá lára àdá tó wà nídìí igi ọsàn, ó lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọdúntán. Ó mú kòkó tí wọ́n ti fọ́, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ inú rẹ̀. Ó tutù. Omi rẹ̀ ta á níbi tí èékánná ti ṣẹ́, ó sì jẹ́ kó máa ta á.

Ọdúntán wo ọwọ́ náà. Ó wá fi ẹsẹ̀ ti ìdajì òkìtì tó wà níwájú rẹ̀ sọ́dọ̀ àna rẹ̀.