Òfin Tí Wọn Kò Kéde

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Purcell wí, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe níwájú dígí.

"Òfin mẹ́rìnlélógún, ọ̀gá, láàárín oṣù mẹ́rìnlá."

"Kí Hennigar wá tún wí pé a ò ṣe nǹkan kan! Màá pa á lẹ́nu mọ́ lónìí."

Hennigar ni olórí àwọn alátakò. Purcell ni olórí ìjọba wa. Èmi Verna ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ tó ń sọ nílé ìgbìmọ̀ fún un. Àwọn tiwa ò pọ̀ tó níbẹ̀. Lorne Comeau, tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ló ń dìbò gbè wá. Ilé fẹ́ dìbò lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn bóyá kí ìjọba wa máa lọ; bó bá yọwọ́, ìjọba dàwó nìyẹn.

"Òfin keje ńkọ́?" ni mo bi í. "Èyí tó fún àwọn opó awakùsà lówó ìrànwọ́ oṣooṣù."

"Kí ló ṣe é?"

"Ilé ti dìbò fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì kéde ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀. Títí ẹ ó fi kéde rẹ̀, ìwé lásán ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó ni ibi ìwakùsà ní ká ṣe sùúrù. Ta ló máa mọ̀, Verna? Àwọn ìyá arúgbó yẹn? Ọdún mélòó ló kù tí wọ́n fẹ́ lò láyé?"

Màmá mi wà nínú wọn. Eruku èédú ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró bàbá mi tán. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọ́fíìsì ìjọba kọ̀wé sí màmá pé òfin kò tíì bẹ̀rẹ̀, kó máa retí. Nínú ilé ìdáná ló ń sùn, torí agbára rẹ̀ ò ká àti mú yàrá kejì gbóná nínú òtútù yẹn.

"Ó dáa, ọ̀gá," ni mo wí.

Mo padà sídìí tábìlì mi, mo gbé òfin keje lọ sókè pátápátá nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ kà, mo sì kọ ọ́ pé: "Lónìí yìí, gbogbo opó awakùsà ló ń jẹ àǹfààní òfin wa." Mo mọ ẹni tí mo ń bá ṣiṣẹ́. Kì í yẹ ìwé wò kó tó dìde. Lẹ́yìn náà ni mo fi lẹ́tà tí ọ́fíìsì kọ sí màmá lé Comeau lọ́wọ́.

Purcell ka tirẹ̀ bíi pásítọ̀. Àwọn tiwa ń lu tábìlì gbàgà-gbàgà. Comeau dìde, ó ka lẹ́tà náà pẹ̀lú déètì orí rẹ̀, ó sì nàka sókè síbi tí mo mú màmá wá jókòó sí láàárín àwọn òǹwòran. Purcell yíjú wá mi kiri. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Kí Ọlọ́run má bínú, ó dùn mọ́ mi wọra.

Comeau dìbò takò wá. Ìjọba ṣubú.

Hennigar sáré gòkè lọ dì mọ́ màmá níwájú àwọn oníkámẹ́rà.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa kéde òfin náà?" ni màmá bi í.

"Ẹ jẹ́ ká wọlé ìbò ná, Mọ́mì."

"Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mí o!"

Ó ti kọjú sí kámẹ́rà mìíràn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n dìbò, bí ìjọba sì ti ṣubú, kò sẹ́ni tó máa kéde òfin kankan láàárín ìgbà yẹn. Èmi tí mo mọ gbogbo ìlànà wọn, ìbínú ò jẹ́ kí n ronú débẹ̀. Lọ́sẹ̀ kẹta, òtútù pa màmá mi.

Purcell àti Hennigar fi òdòdó ránṣẹ́ síbi ìsìnkú, orúkọ ẹgbẹ́ wọn gàdàgbà lára rẹ̀. Mo gbé e fún àwọn ewúrẹ́ aládùúgbò wa. Wọ́n ti jẹ ẹ́ tán kí àlùfáà tó dé.