Ohun Tí Ẹrẹ̀ Tú Sínú Omi

"Ẹ fi afẹ́fẹ́ sí i," ni ọ̀gá wí. Ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ló dúró sí, kò wọlé, bí ẹni pé òórùn ẹrẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀.

Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Ìnagijẹ tí wọ́n fún un níbi iṣẹ́ nìyẹn, nítorí ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá sórí tábìlì. Àwọn páìpù tó mọ́ gaara bíi gíláàsì wà lóòró níwájú rẹ̀: nísàlẹ̀, ẹrẹ̀ dúdú láti ibi tí omi ìdọ̀tí iléeṣẹ́ ajílẹ̀ ti ń ṣàn wọ òkun, omi òkun lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe wà pọ̀ nínú ibú. Wọn a dé páìpù náà pa, wọn a gbé e sínú òkùnkùn, wọn a máa bu díẹ̀díẹ̀ wò nínú omi rẹ̀, láti mọ ohun tí ẹrẹ̀ ń tú sínú omi àti ohun tí omi ń dá padà fún ẹrẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú omi, ojú ẹrẹ̀ a di amóníà, oró tí ń ti ara ohun jíjẹrà wá, mú, a sì sọ ọ́ di ohun tí oró rẹ̀ kò tó nǹkan. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ẹrẹ̀ a tú u sílẹ̀, ẹja a sì kú. Lásìkò ooru, tí atẹ́gùn kò bá fẹ́, kì í sí afẹ́fẹ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀.

"Ọ̀gá, tá a bá fi afẹ́fẹ́ sí i, kì í ṣe ìsàlẹ̀ òkun là ń yẹ̀ wò mọ́."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àbí ẹrẹ̀ ló bí yín ni, Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ń gbèjà rẹ̀? Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ ń retí ìwé wa. Ọmọ yín ńkọ́? Ó ti ríṣẹ́?"

"Kò tíì rí, sà."

"Ó ti rí. Kó lọ bá wọn lọ́jọ́ Ajé."

Ibi tí ọgbà ti rẹlẹ̀ ni ọ̀gá gbà wọlé. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti jáde ilé ìwé. Ó ti di ẹni tí ń jí lọ́sàn-án, tí kì í lè wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ na ọwọ́ mú pọ́ǹpù kékeré, ó ki rọ́bà rẹ̀ bọ páìpù kọ̀ọ̀kan. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n, amóníà tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n kọ ọ́ pé ẹrẹ̀ náà kò léwu, Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ sì tọwọ́ bọ̀wé. Ẹnikẹ́ni kò kọ ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù síbẹ̀.

Ooru dé, atẹ́gùn dákẹ́. Àwọn tí ń sin ẹja nínú àgò aláwọ̀n ní etíkun náà jí, wọ́n bá ẹja wọn tó léfòó, ikùn funfun. Ìyàwó àbúrò Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ wà lára wọn. Opó ni, àgò ẹja yẹn ni ogún tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, òun ló sì fi ń bọ́ àwọn ọmọ. Iléeṣẹ́ ajílẹ̀ mú ìwé àyẹ̀wò jáde: ẹ wò ó, kò sí nǹkan nínú ẹrẹ̀, ẹni tó ba omi jẹ́ wà láàárín yín. Àwọn olùsìn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Ojú gbogbo wọn sì bà lé opó. Òun ló dé ìdí iṣẹ́ náà kẹ́yìn, òun ni kò lọ́kọ tí yóò gbà á sọ. Wọ́n ní oúnjẹ tó ń dà sómi lápọ̀jù ló rà nísàlẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó wá sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde.

"Jókòó sórí àga, ìyàwó. Ṣé o ti dàlejò níbí ni?"

"Ẹ jẹ́ n wà nílẹ̀, bùọ̀dá mi. Wọ́n ní kí n kó àgò mi kúrò nínú omi. Mo ní n ò kó o. Mo ní ẹ̀yin lẹ yẹ ẹrẹ̀ yẹn wò, ẹnu yín ni n ó ti gbọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá ní èmi kọ́, èmi àti wọn á jọ dé kóòtù ni. Àmọ́ ẹ má torí àbúrò yín tàn mí. Ṣé èmi ni mo pa ẹja àwọn èèyàn?"

Ọmọ Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ jáde láti yàrá, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ tuntun, ó ń lọ síbi iṣẹ́ ọ̀sán. Ó dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Ọmọ mi, o wá dọ̀gá báyìí," ni opó náà wí, ẹ̀rín gba ojú rẹ̀. "Bí bàbá ẹ kékeré bá wà láyé, kò ní jẹ́ ká gbádùn lónìí, gbogbo ojúlé ló máa ròyìn ẹ dé. Iṣẹ́ náà á gbè ọ́."

Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ dúró títí ilẹ̀kùn fi padé lẹ́yìn ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ pọ́ǹpù wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Ó jọ pé oúnjẹ ló pọ̀ jù," ni ó wí. "Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. O ò mọ̀ọ́mọ̀."

"Mo rò pé mò ń tọ́jú wọn ni," ni opó náà wí. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ rẹ̀. "Ẹ ṣé tẹ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún rán Bàbá Ẹlẹ́rẹ̀ lọ bu ẹrẹ̀. Láti inú ọkọ̀ ojú omi ló ti rí opó náà létí omi, tó ń kúnlẹ̀ fún olùsìn ẹja kan, tó ń dìde, tó ń lọ kúnlẹ̀ fún òmíràn. Àwọn kan dá a lóhùn, àwọn kan kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tí ọkọ̀ ń kọjá, opó náà rí i, ó sì nawọ́ sí i kí gbogbo wọn lè wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi nìyẹn," ni ó wí. "Òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé èmi ni."