Òótọ́ Kan Tó Wà Nínú Irọ́ Fóómàn

Ẹ̀gbọ́n ti tẹ ojú ìwé kan tán, ó ti fà á ya, ó sì ti ki òmíràn bọ inú ẹ̀rọ táípù. Kì í fi bébà ṣòfò. Ìyẹn gan-an ló ń bí i nínú. Àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú báńdéèjì. Ẹ̀rọ tó ń gé ọṣẹ níléeṣẹ́ ló gé ìka méjì níbẹ̀. Fóómàn sì ti kọ̀wé sí ọ̀gá pé ẹ̀bi ọmọ náà ni: wọ́n ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìbòrí wà lójú ọ̀bẹ, ọmọ náà kò sì pa ẹ̀rọ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí èsì àwọn òṣìṣẹ́ kò bá múná, wọn yóò lé e lọ láìtọ́jú ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ bí a ṣe sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́," Ẹnu-Ò-Sinmi wí. Òun ló ṣáájú nínú àwọn obìnrin mẹ́rin tó ń bá Àbúrò ṣiṣẹ́, tí wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà. "'A pack of lies.' Gẹ̀ẹ́sì yẹn wúwo! Bí fóómàn bá kà á, àyà ẹ̀ á já."

"Ẹni tó bá kọ ìyẹn ti sọ pé irọ́ ni gbogbo rẹ̀, látòkè délẹ̀," Ẹ̀gbọ́n fèsì. "Ṣé ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Irọ́ ni!"

"Ṣé ìbòrí wà lójú ọ̀bẹ ẹ̀rọ náà?"

"Irọ́ burúkú! Fóómàn fúnra ẹ̀ ló tú u."

"Ṣé Àbúrò pa ẹ̀rọ kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́?"

"Mi ò pa á. Fóómàn ló ní ẹni tó bá pa á kó máa lọ sílé ẹ̀," Àbúrò wí. "Gbogbo wa la gbọ́."

"Ohun tí a ó kọ nìyẹn."

"Háà, Ìyá Olóòótọ́!" Ẹnu-Ò-Sinmi pòṣé. "Ọmọ ìyá yín lẹ̀rọ gé o, kì í ṣe ewúrẹ́ aládùúgbò. Ta ní ń fọwọ́ ara ẹ̀ ṣera ẹ̀?"

"Bí a bá ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, òótọ́ kan yẹn ni wọ́n á fà yọ. Wọ́n á sì fi sọ gbogbo wa di onírọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ láìwo ẹnì kankan: irọ́ méjì, òótọ́ kan, àti àṣẹ fóómàn tó bí òótọ́ náà. Ó fi àyè márùn-ún sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún orúkọ àwọn tó gbọ́ àṣẹ yẹn, ó sì na bírò sí wọn.

Ọ̀kan ní òun fi ọmọ sílẹ̀ nílé. Òmíràn ní ojú òun ò ríran tó. Ẹ̀kẹta ti bọ́ síta kí bírò tó kàn án.

"Mo gbọ́ ọ o," Ẹnu-Ò-Sinmi wí. "Àmọ́ mi ò lè kọ ọ́ pé mo gbọ́. Ẹ ṣáà kọ 'a pack of lies,' màá buwọ́ lù ú lẹ́ẹ̀mẹwàá."

"Mo mọ̀," Ẹ̀gbọ́n wí. "Gẹ̀ẹ́sì yẹn ò dárúkọ ẹnì kankan."

Ẹnu-Ò-Sinmi bá àwọn tó kù lọ.

Àbúrò fi ọwọ́ òsì gba bírò. Orúkọ rẹ̀ wọ́ lórí bébà bí ipa ìgbín. Ẹ̀gbọ́n dúró dè é, kò bá a di bírò mú. Nígbà tó parí, Ẹ̀gbọ́n ká ìwé náà, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ táípù, ó sì mú ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá pọ̀n, òun nìkan, pẹ̀lú àyè mẹ́rin tó ṣófo.