Orúkọ Tí Ládépò Gbàgbé

Ládépò tó kú lọ́dún tó kọjá wá sójú oorun ìyàwó rẹ̀, ó wá bèèrè ìwé.

Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ mú ní Ṣakí. Wúràọlá sùn lọ lórí ẹní. Ilé tó bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀ lójú oorun jọ ilé tirẹ̀, àmọ́ kò lórùlé, eruku funfun sì ń rọ̀ sínú àwọn ìkòkò láìdún. Ládépò jókòó níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń fi òrí pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti là, bó ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí ara àmù.

"Ìyá Ìbídùn, ẹsẹ̀ yìí ti di èèpo igi."

"Ta ni yóò bá mi pa á? Ṣebí ẹ ti lọ."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìwé wa kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ti gbàgbé orúkọ tí a sọ ọyẹ́. Kí la pè é?"

Wúràọlá la ẹnu, eruku kún un. Ó ta jí.

Ó mọ ìwé tí ó ń wí. Ládépò bá àwọn Jámánì ṣe ọ̀nà nígbà èwe rẹ̀. Nínú èdè wọn ni òun àti Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ti gbẹ́ èdè mìíràn, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ láyé àfi àwọn méjèèjì. Wọ́n á máa sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, Wúràọlá á máa wo ẹnu wọn bí àlejò. Àwọn Jámánì kò lórúkọ fún ọyẹ́. Ọdún méjì ni bàbá àtọmọ fi wá a kí wọ́n tó rí i kọ sínú ìwé tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ èdè wọn sí. Nígbà tí Ládépò kú, Ìbídùn ní kí wọ́n fi ìwé náà sínú pósí. Wúràọlá ní òun ti fi síbẹ̀. Irọ́ ni. Inú iná tí wọ́n fi se omi tí wọ́n fi wẹ òkú ló jù ú sí.

Ó lọ bá Ìbídùn nídìí aṣọ tó ń sá.

"Kí ni ìwọ àti bàbá rẹ pe ọyẹ́?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Màámi? Ṣebí ẹ ní èdè wa kò ṣeé fi se ọbẹ̀."

"Bàbá rẹ ló ń bèèrè."

"Ìwé wà lọ́wọ́ wọn."

"Kò sí lọ́wọ́ wọn. Mo sun ún."

Ìbídùn sá èyí tó kù tán, ó fà á kó gún.

"Stoftid," ó ní. "Àsìkò eruku. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Wúràọlá dùbúlẹ̀, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà títí oorun fi gbé e lọ. Ládépò kò wá. Ìbídùn ń kí ìyá rẹ̀ láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́. Láàárín méjèèjì, kò bá a sọ nǹkan kan mọ́, ní èdè yòówù kó jẹ́.