Akẹtẹ̀ Onídígí Saturia

Nígbà tí ayàwòrán ará Madrid náà ní kí Saturia ṣí akẹtẹ̀ dúdú opó orí rẹ̀, kó dé èyí tó ní dígí, àyà opó náà já, síbẹ̀ inú rẹ̀ dùn. Ní Montehermoso, ìlú wọn, omidan ló ń dé akẹtẹ̀ aláràbarà tí dígí róbótó wà níwájú rẹ̀. Opó tó bá dé e, ọkọ ló ń wá, gbogbo ìlú ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Anselmo, ayàwòrán náà, kò mọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n nínú àwòrán yíyà, ẹ wò ó! Àwọ̀ nìkan ló ń wá kiri. Ọmọge tó fẹ́ yà tẹ́lẹ̀ ń ṣàìsàn, ọ̀la ni ọ̀gá náà sì ń padà sí Madrid.

"Èmi tí mo ti sin ọkọ, ọ̀gá?"

"Àwòrán lásán ni, ìyáàfin."

"Lójú tiyín ni o."

Ṣùgbọ́n ọwọ́ Saturia ti wà nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ó fa akẹtẹ̀ ìgbà omidan rẹ̀ yọ, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó dé e, dígí náà sì tan oòrùn sára ògiri. Háà! Ó ń ṣe é bíi kó kígbe. Ó ti pẹ́ tó ti wà nínú aṣọ dúdú ọ̀fọ̀. Ó sì ti pẹ́ tí Eleuterio, ọkùnrin tó ń ta èédú, ti ń wò ó láti òkèèrè lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí akẹtẹ̀ dúdú yẹn kò jẹ́ kó lè sún mọ́ ọn.

Bí ayàwòrán ti ń kùn ún lọ, Basilisa, ìyá ọkọ rẹ̀, já wọlé.

"Saturia! Ta lo ń fi dígí yẹn pè?"

"Ìyá, ọ̀gá ayàwòrán ló ní..."

"Ṣé òun ló bí ọ ni? Èrò ti kún ìta, wọ́n ti rí ọ lójú fèrèsé, wọ́n ní ìyàwó ọmọ mi ti padà di ọmọge! Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

"Ẹ má mirí o, ìyáàfin!" ni Anselmo ń bẹ̀. "Imú yín ni mo ń yà lọ́wọ́."

Saturia kò mirí. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, nítorí ilé Basilisa ló ń gbé.

Nígbà tí ayàwòrán gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, Basilisa na akẹtẹ̀ dúdú sí i.

"Gbà, dé e. A óò sọ pé nítorí àwòrán ni. Ṣùgbọ́n bó o bá gbé dígí yẹn jáde, má padà sílé mi."

Saturia wo akẹtẹ̀ dúdú náà. Bó bá gbà á, ọ̀rọ̀ parí, kò sẹ́ni tí yóò bú u. Ó rọra yà fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ síta.

Ariwo ta! Àwọn kan ń pòṣé, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́.

"Saturia, o gbàgbé nǹkan sórí o!"

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan!" ló fi dá wọn lóhùn.

Eleuterio ń sọ èédú kalẹ̀ lẹ́yìn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ nígbà tó rí i. Ó ju àpò èédú ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ti èèyàn sọ́tùn-ún sósì, títí ó fi dé iwájú rẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí iwájú orí Saturia, ó fi etí aṣọ nu èédú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dáadáa, kó tó wá kí i káàárọ̀.