Ohun Tí Fúyẹ́ Yọ Kúrò Nínú Àpò

Fúyẹ́ ni wọ́n ń pe káfíńtà náà. Kódà ìyá tó bí i kì í pè é ní nǹkan mìíràn mọ́. Ẹni tó bá ti bá a gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn rí mọ ìdí abájọ: ọkùnrin náà kórìíra ẹrù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ gan-an, ó ti gé ibi ìdìmú rẹ̀ dànù kó má bàa wúwo.

Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣe irun, ni wọ́n jọ fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ sétí òkun, kí wọ́n sì gùn ún padà. Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn náà, wọ́n da ẹrù sórí tábìlì ìjẹun ìyá wọn: ike omi, túùbù táyà, pọ́ọ̀ǹpù, sípánà, bisikíìtì, iyọ̀, aṣọ òjò. Fúyẹ́ ń gbé wọn lé àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń yan tòmátì. Èyí tó bá wúwo lójú rẹ̀, á tì í sápá kan. Nígbà tó kan bándéèjì àti oògùn ojú egbò, ó tì wọ́n.

“Bọ̀ọ̀dá, ìyẹn ò gbọdọ̀ kúrò o.”

“Ṣé ogun là ń lọ ni? Tára bá họ ẹ́, fomi fọ̀ ọ́.”

Àbúrò rẹ̀ fárígá. Ó ní òun sì tún fẹ́ kí túùbù jẹ́ méjì. Wọ́n fà á títí ìyá wọn fi ti ilé ìdáná dá sí i pé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí, kí wọ́n gbà fún ara wọn. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn: bándéèjì jáde, túùbù kejì wọlé. Kò tẹ́ àbúrò lọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n lẹ̀gbọ́n ń jẹ́.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń kọjá níwájú ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Géètì ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ajá mẹ́ta sáré jáde, wọn ò sì gbó rárá. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù ba obìnrin náà.

Ajá dúdú tó ṣáájú wọn ki ẹnu bọ ẹran ẹ̀yìn ojúgun Fúyẹ́, ó sì fà á. Kẹ̀kẹ́ dojú dé, ọkùnrin náà yí gbirigbiri lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kó tó dìde, òmíràn ti gbá a lápá mú. Dúdú ò jẹ́ kó lọ. Ó ń mi orí sọ́tùn-ún sósì. Àbúrò rẹ̀ gbọ́ bí ẹran ṣe ń ya, bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya.

Ó sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó mú òkúta ẹlẹ́nu mímú kan. Ó fọ́ ojú èyí tó di apá mú. Ìyẹn ké, ó sì sá lọ. Ẹ̀kẹta gé òun náà jẹ nítan, àmọ́ obìnrin náà ta á nípàá níkùn títí ajá náà fi ń bì. Lẹ́yìn náà ló gun Dúdú lẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu agbárí rẹ̀. Ó lù ú títí egungun fi rún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ṣì ń lù ú.

“Ó ti kú,” ni Fúyẹ́ sọ. “Fi sílẹ̀. Ó ti kú.”

Sípánà ni àbúrò fi la eyín ajá náà kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tú jáde, egungun hàn. Ó mọ̀ pé kò sí bándéèjì nínú àpò, síbẹ̀ ó wò ó. Ó so túùbù kan mọ́ òkè orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá, ó fi sípánà lọ́ ọ títí Fúyẹ́ fi bú bí màlúù, ó sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fi di ojú egbò.

Ibẹ̀ ni olùṣọ́ ibi ìfọ́kúta náà ti yọ sí wọn. Ó rí òkú ajá rẹ̀, ó gbé kùmọ̀ sókè, ó ń bọ̀.

Obìnrin náà tún mú òkúta rẹ̀. “Máa bọ̀,” ló wí, láìgbóhùn sókè.

Olùṣọ́ náà wo ẹ̀jẹ̀ tó dé ìgbọ̀nwọ́ obìnrin náà méjèèjì. Ó sọ kùmọ̀ sílẹ̀, ó sì lọ gbé ọkọ̀ típà wá. Òun ló gbé wọn dé ọsibítù.

Wọn ò gé ẹsẹ̀ Fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún fáwọn méjèèjì nítorí àrùn ajá kì í ṣe kékeré. Àbúrò kò fẹnu kan ọ̀rọ̀ bándéèjì rí, ẹ̀gbọ́n náà kò sì bẹ̀bẹ̀. Ohun tó ń da àbúrò láàmú ni pé bó bá ń fọ irun oníbàárà, tí agbárí ènìyàn wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ náà máa ń dúró nígbà mìíràn. Oníbàárà á béèrè pé kí ló dé. Á ní omi ló gbóná díẹ̀, á sì dúró títí agbárí ajá yẹn yóò fi kúrò lọ́kàn rẹ̀.