Ìka Mẹ́rin Nínú Ìyẹ̀fun

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni Zdislava ti ń yan kéèkì nílé ọkọ, kò sì sí èyí tí Vratislav ọkọ rẹ̀ jẹ rí tí kò ní sọ pé, "Ó dáa, àmọ́ kò tó ti Màmá." Ọ̀rọ̀ náà ti sú u dé eegun.

Màmá náà ni Blažena, ìyá ọkọ. Bábovka ni wọ́n ń pe kéèkì yẹn lábúlé wọn, láti ara ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ìyá arúgbó, Blažena sì ń ṣe bí ẹni pé òun gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò amọ̀ onílà tó fi ń yan án. Ìka mẹ́rin péré ló kù lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, torí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko màlúù ti gé ọ̀kan nígbà èwe rẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ló máa fi kan ìdí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó, kó, kó, kí kéèkì tó jáde.

"Ìkòkò mi mọ̀ mí," ló máa ń wí fún Zdislava. "Bó bá jẹ́ kéèkì tìẹ ni, á dì í mú."

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú Blažena, lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi, Vratislav lọ tan àbẹ́là sórí sàréè. Zdislava gbé ìkòkò náà sọ̀ kalẹ̀. Lónìí, àfi kí ọkọ òun yin òun!

Ó fi bọ́tà pa inú ìkòkò. Ó po èròjà, ó pín in sí méjì, ó da kòkó sí apá kan. Ó da funfun sínú ìkòkò, ó da dúdú lé e, ó fi fọ́ọ̀kì yí i kí àwọ̀ méjèèjì lọ́ mọ́ra, ó wá gbé e sínú ààrò. Ó ti ń kọrin lábẹ́lẹ̀ kó tó rí abọ́ ìyẹ̀fun lórí tábìlì. Ìyẹ̀fun tí wọ́n máa ń wọ́n lé bọ́tà kí kéèkì má bàa lẹ̀ ni. Ojú rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò tíì fọwọ́ kàn án.

"Mo gbé! Wẹ́lẹwẹ̀lẹ ni yóò jáde."

Nígbà tí kéèkì jinná tó sì tutù díẹ̀, ó gbọ́ ohùn géètì. Vratislav ti dé. Zdislava kan ìdí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Wọ́n kàn án padà láti inú. Kó. Kó. Kó.

Ó sáré dojú ìkòkò dé sórí àwo, kéèkì sì yọ lódindi. Ìyẹ̀fun funfun wà nínú gbogbo ìlà ara rẹ̀. Zdislava wo inú abọ́. Ojú ọwọ́ kan ti rì sínú ìyẹ̀fun náà, ọwọ́ oníka mẹ́rin.

Vratislav wọlé, ó jókòó, ó gé e láìdúró de kọfí. Ó jẹ ẹ́, ó dijú, ó tún gé òmíràn.

"Kí lo fi sí i?"

"N ò fi nǹkan kan sí i."

"Irọ́! Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò lè sọ nígbà tó wà láyé. Ti Màmá ò dùn tó báyìí rí."

Ọ̀rọ̀ tí Zdislava ti ń retí láti ọdún mẹ́tàdínlógún nìyẹn. Lórí tábìlì, ìkòkò òfìfo náà dún: kó.

"Gba ọ̀rọ̀ yẹn padà," ni Zdislava wí.

"Èwo tún ni? Mo yìn ọ́, ò ń bínú?"

Kó.

"Vratislav, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, sọ pé kò tó ti Màmá!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Vratislav rẹ́rìn-ín, ó tún na ọwọ́ sí àwo.

Ẹ̀kẹta kò ti inú ìkòkò wá mọ́. Ẹ̀yìn àga rẹ̀ ló ti dún.